Ìjàpá Òkun Kò Lè Fa Orí Sínú

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ Ìjàpá ọkọ Yánníbo. Nínú ààlọ́, kò sí ẹni tí kò lè tàn jẹ. Ó tan erin wọ̀lú, ó tan ajá, ó tan àna rẹ̀ pàápàá. Bí ọ̀ràn bá wá dójú rú tán, Ìjàpá á fa orí wọnú igbá ẹ̀yìn rẹ̀, ó di òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ lù ú kó máa lu igi.

Àmọ́ ìjàpá mìíràn wà tí wọn kì í pa ààlọ́ mọ́. Inú òkun lòun ń gbé. Apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi. Orí rẹ̀ kò ṣeé fà sínú, apá rẹ̀ kò ṣeé ká wọlé. Bí ewu bá ká a mọ́ orí ilẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò wà, orí rẹ̀ á wà níta gbangba, àfi kí ẹni tó dúró tì í ṣàánú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìjàpá yìí ló wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀. Ẹ má tíì ṣí ojú ewé o.

ÒRU KAN LÉTÍ ÒKUN

Oríṣi ìjàpá òkun méje ló wà láyé. Márùn-ún nínú wọn ló ń gba inú òkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kọjá. Èyí tó kéré lára wọn kò wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Èyí tó tóbi jù lọ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí awọ dípò igbá líle, lè wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá. Ọ̀kan tí òkun gbé jù sí etíkun ilẹ̀ Wales ní 1988 wọn kílò 916. Ẹran ńlá ni o.

Akọ rẹ̀ kì í padà sórí ilẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tó bá ti wọ omi ní kékeré. Abo nìkan ló ń gòkè, nítorí ẹyin ló sì ṣe ń gòkè. Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa yìí, láti bí oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá títí wọ oṣù kejì tàbí ìkẹta ni wọ́n ń yé. Òru ni wọ́n ń wá. Abo náà á wọ́ ara rẹ̀ jáde nínú ìgbì, á máa fàyà fà díẹ̀díẹ̀ lórí iyanrìn, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bó bá rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ihò, á sì yé ẹyin bí ọgọ́rùn-ún sínú rẹ̀, ẹyin funfun roboto. Lẹ́yìn náà, á fi iyanrìn bò ó, á padà sínú omi. Kò ní rí àwọn ọmọ rẹ̀ láéláé.

Ẹni tó bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú lásìkò yẹn á rí i pé omi ń jáde lójú rẹ̀. Àwọn kan á ní ẹkún ìrọbí ló ń sun. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní iyọ̀ òkun tó ti mu ló ń bá omijé jáde. Ó dáa. Bóyá ẹkún ni o, bóyá iyọ̀ ni o, ẹranko kan ló ń ṣomi lójú níwájú èèyàn, tí kò lè sá, tí kò lè bú ramúramù, tí kò sì lè fa orí sínú.

Kí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe fún un? Wọ́n á yí i dojú sókè, ẹ̀yìn á wá nílẹ̀. Ó ti tán. Kò lè yí ara rẹ̀ padà mọ́. Wọ́n lè lọ sùn, kí wọ́n padà wá bá a láàárọ̀ pẹ̀lú àdá. Ẹran di ti ọbẹ̀, igbá ẹ̀yìn di ti ọjà. Wọ́n á sì hú àwọn ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ìṣirò ọjà. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ fojú bù ú pé nínú ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ìjàpá òkun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹyọ kan péré ló máa dàgbà débi tó máa yé ẹyin tirẹ̀. Alákàn ń jẹ wọ́n, ẹyẹ ń jẹ wọ́n, ẹja ńlá ń jẹ wọ́n. Bí ìtẹ́ kan bá ní ọgọ́rùn-ún ẹyin, ìtẹ́ mẹ́wàá gbáko la fi ń rí ìyá kan ṣoṣo. Oríṣi mìíràn nínú wọn sì ń lo ogún ọdún, àní ọgbọ̀n ọdún, kó tó tóó yé. Èyí ni pé ìyá tí wọ́n pa ní òru ọjọ́ kan ti dàgbà tó ẹni tó ti gbéyàwó tó ti bímọ. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi jẹ ẹ́ tán.

KÍ LÓ KAN ARÁ Ọ̀WỌ̀?

Ẹnì kan á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí pé, “Ọ̀wọ̀ ò létí òkun. Ìfọ́n ò létí òkun. Ìdóàní orí òkè ni. Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ìjàpá inú iyọ̀?”

Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó nílé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó létí òkun, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù létí òkun yẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú iyanrìn ni ìjàpá òkun ń yé sí. Kò lè fi ẹyin sínú ẹrẹ̀, á rà ni. Nítorí náà, iyanrìn tó wà lápá Èkó, láti Lẹ́kí lọ dé Bàdágìrì, àti èyí tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ni ibùsọ̀ rẹ̀. Ibi tí iyanrìn bá ti ṣọ̀wọ́n, èyí tó kù ti di wúrà nìyẹn.

Ibẹ̀ náà sì ni gbogbo ayé ń rọ́ lọ báyìí. Ilé ń kún etí òkun, àwọn kan ń wa iyanrìn tà, láti 2024 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ títì ńlá tó fẹ́ gba etí òkun láti Èkó dé Kàlàbá. Ìmọ́lẹ̀ òru pẹ̀lú jẹ́ ọ̀tá. Bí àwọn ọmọ ìjàpá bá pa lóru lẹ́yìn bí àádọ́ta sí ọgọ́ta ọjọ́, ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ni wọ́n ń forí lé. Láyé àtijọ́, ojú òkun ló ń mọ́lẹ̀ jù. Lóde òní, iná mànàmáná òtẹ́ẹ̀lì ló mọ́lẹ̀ jù. Ọmọ tó yẹ kó lọ sínú omi á máa fàyà fà lọ sójú títì, mọ́tò á tẹ̀ ẹ́ pa.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kan ará ilé gan-an. Odò Ọ̀sẹ̀ tó fún ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ lórúkọ kì í dúró sí Ọ̀sẹ̀. Ó ń gba ilẹ̀ Ẹdó lọ, ó ń gba inú ọ̀sà, ó sì ń bọ́ sínú òkun. Ọ̀rá piọ́wọ́tà tí ọmọ iléèwé jù sínú gọ́tà, òjò ńlá kan ló ń dúró dè. Òjò á gbé e dé odò kékeré, odò kékeré á gbé e dé odò ńlá, ọ̀sà á gbà á, òkun á gbé e mì.

Ìjàpá òkun tó tóbi jù lọ yẹn, ẹran omi kan ló fi ṣe oúnjẹ, èyí tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, tó ń léfòó lójú omi. Ẹ ki ọ̀rá piọ́wọ́tà bọ inú omi kẹ́ ẹ wò ó, ohun kan náà ni! Ìjàpá á gbé e mì, ọ̀rá á dí i nífun, kò ní lè jẹun mọ́, á sì kú. Ẹni tó jù ú nù ò gbé ọ̀bẹ, kò dẹ àwọ̀n, kò tilẹ̀ rí òkun rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

BÀBÁ ỌDẸ ÀTI AWAKỌ̀

Ọ̀nà kejì ni ọjà. Ká sọ pé awakọ̀ kan wà, ọmọ Ìfọ́n, tó máa ń kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí apá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí. Nígbà tó ń bọ̀, ó ra igbá ẹ̀yìn ìjàpá òkun kan lọ́wọ́ apẹja, ó jù ú sẹ́yìn ọkọ̀. Kó tó dé ilé tirẹ̀, ó yà kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ọdẹ àtijọ́.

“Ẹ káalẹ́ o, Bàbá.” Ó dọ̀bálẹ̀.

“Káàbọ̀, ọmọ àbúrò mi. Kí lo gbé sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn?”

“Ìjàpá òkun ni, Bàbá. Àwọn lẹkulẹ́ja á rà á lówó gidi.”

“Níbo ni wọ́n ti pa á?”

“Orí iyanrìn ni wọ́n ká a mọ́. Wọ́n ní ẹyin ló wá yé.”

“Háà! Ìyá ọmọ ni wọ́n pa yẹn. Nígbà tí mò ń ṣọdẹ nínú igbó Ọ̀sẹ̀ yìí, bí mo bá tanná mọ́ ẹran lójú tí mo rí i pé ó lóyún, ma sọ ìbọn kalẹ̀ ni. Kì í ṣe pé ebi ò pa mí.”

“Bàbá, ayé ìgbà yẹn yàtọ̀. Ọjà ti le.”

“Ọjà le lóòótọ́. Bí ọjà bá wá le, ẹ̀bù iṣu tó yẹ kó o gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ lo máa sè jẹ?”

Awakọ̀ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú o, Bàbá. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Wọ́n ní erin wà nínú igbó yìí rí, ẹfọ̀n wà. Àwa ọmọ yín ò bá wọn.”

Bàbá mi kanlẹ̀. “Òótọ́ lo sọ. Ohun tó ń dùn mí náà nìyẹn. A ò mọ̀ pé ó lè tán.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Àwọn àgbẹ́gilére Ọ̀wọ̀ ló gbẹ́ eyín erin tó bẹ́ẹ̀ tí òkìkí wọn fi kàn káàkiri, tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn fi wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá nílùú òyìnbó títí dòní. Ọmọ Ọ̀wọ̀ mélòó ló ti fojú kan erin nínú igbó? Ìjọba ya igbó Ìfọ́n sọ́tọ̀ fún ẹranko, ṣùgbọ́n igbó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kò dá erin tó ti lọ padà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹran ṣe ń tán kò ní láti dé òkun. Kó wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

ÒFIN WÀ, ÀMỌ́ ÒFIN Ò LÓJÚ LÓRU

Kì í ṣe pé kò sófin. Ní 1973 ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní Washington lórí òwò ẹranko tó fẹ́ parun, Nàìjíríà sì wọ̀ ọ́ ní 1974. Gbogbo ìjàpá òkun ló wà nínú ìsọ̀rí àkọ́kọ́ àdéhùn náà, ìyẹn àwọn tí kò gbọdọ̀ dé ọjà àgbáyé rárá. Ní 1985, ìjọba ológun ṣe òfin tiwa lé e lórí. Owó ìtanràn tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún ẹranko ìsọ̀rí àkọ́kọ́ jẹ́ ₦1,000. Nígbà tó fi máa di ayé ìsinsìnyí, ₦1,000 yẹn ò ra nǹkan kan mọ́. Ní 2016 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe, tí wọ́n sọ ọ́ di ₦5,000,000. Ní 1999 pẹ̀lú, àwọn orílẹ̀-èdè etí òkun Áfíríkà lápá ibí yìí fọwọ́ sí ìwé ní Abidjan pé àwọn yóò dáàbò bo ìjàpá òkun.

Àwọn òyìnbó náà ò sùn. Láti 1989 ni Amẹ́ríkà ti ní òfin pé edé tí ọkọ̀ ńlá bá fi àwọ̀n pa ní ibi tí ìjàpá òkun wà kò ní wọ ọjà àwọn, àfi bí wọ́n bá ń ṣe ohun tí kò ní jẹ́ kí ìjàpá kú sínú àwọ̀n. Ohun náà ò le: irin tí wọ́n là gbọọrọ sáàárín àwọ̀n pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà kan. Edé á kọjá sẹ́yìn, ìjàpá á forí gbá irin, á bá ẹnu ọ̀nà jáde. Ìdí ni pé ìjàpá òkun ń mí afẹ́fẹ́ bí èèyàn ni. Bí àwọ̀n bá há a mọ́ ìsàlẹ̀ omi pẹ́, ó ń rì.

Gbogbo ìwé yìí dára. Ṣùgbọ́n ta ni ń ka ìwé òfin létí òkun ní aago méjì òru? Apẹja tó ti ju àwọ̀n látàárọ̀ tí kò pa ju ẹja mẹ́ta lọ, tí àwọn ọmọ ń retí rẹ̀ nílé, bó bá rí ẹran tó tó àpò sìmẹ́ńtì kan lórí iyanrìn, òfin Abidjan kọ́ ló máa wá sí i lọ́kàn. Ẹ má jẹ́ ká bú u. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ibi tí nǹkan ti ń dára díẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti fi apẹja fúnra rẹ̀ ṣe olùṣọ́. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Nature Tropicale ti ń bá àwọn ará abúlé etí òkun ṣiṣẹ́ tipẹ́, wọ́n ń ṣọ́ ìtẹ́, wọ́n ń tú ìjàpá tó bá há sínú àwọ̀n sílẹ̀. L'Ékòó, ẹgbẹ́ Greenfingers Wildlife Initiative ń bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀, wọ́n ń fi ohun èlò iṣẹ́ tù wọ́n nínú kí wọ́n lè jọ̀wọ́ ìjàpá tàbí kí wọ́n ṣọ́ ẹyin rẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tí ìjàpá ń gòkè ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ. Olè tó bá di ọlọ́dẹ, ilé á sùn.

Ní Gánà sì rèé, láàárín àwọn Dangme tó wà ní Ada, kò sẹ́ni tó fún wọn lówó tàbí àwọ̀n kí wọ́n tó mọ̀ pé èèwọ̀ ni ìjàpá òkun. Ìtàn wọn ni pé ó gba àwọn baba ńlá wọn là nígbà kan. Ìtàn lásán ni ẹlòmíì á pè é. Ṣùgbọ́n ìtàn yẹn ti ṣe ohun tí ìwé òfin ò tíì ṣe.

Ọ̀WỌ̀ MỌ BÍ WỌ́N ṢE Ń PA ÈÈWỌ̀ MỌ́

Bó bá jẹ́ ti èèwọ̀ ni, ta ni yóò kọ́ Ọ̀wọ̀? Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 17 ni wọ́n fi ń ṣe ọdún Igógó. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìlù ò gbọdọ̀ dún nígboro, agogo ni wọ́n ń lù. Ọkùnrin ò gbọdọ̀ dé fìlà, obìnrin ò gbọdọ̀ wé gèlè. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ń di irun. Olówó ń pa á mọ́, tálákà ń pa á mọ́, ọmọ tó ti ìlú òkèèrè dé ń pa á mọ́.

Nítorí ta ni? Nítorí Ọrọnsẹn ni, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹrẹngẹjẹn. Àlejò obìnrin ni, ó sì ní èèwọ̀ tirẹ̀: wọn ò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ sọ ẹrù igi kalẹ̀ gbì, wọn ò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá. Nǹkan kékeré mẹ́ta. Àwọn olorì yòókù mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ọrọnsẹn sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n wá a, wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò padà sílé mọ́. Láti ìgbà náà, odindi ìlú ló ń fi ọjọ́ 17 rántí pé àwọn ṣi ọ̀rọ̀ náà mú.

Ìjàpá òkun kì í ṣe Ọrọnsẹn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi ẹranko wé olorì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú ìtàn ò lọ jìnnà. Àlejò obìnrin kan ń wá sórí ilẹ̀ lóru, nǹkan kékeré ló ń bẹ̀bẹ̀ fún: iyanrìn díẹ̀, òkùnkùn díẹ̀, àti wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Bó bá bá tirẹ̀ lọ, agogo tó wà nígboro kò ní lè pè é padà. Ẹ sì wò ó o, nígbà tí agogo Igógó bá ń dákẹ́ l'Ọ́wọ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ìjàpá òkun ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Kí ló wá kù kí ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ṣe? Kò pọ̀. Ẹni tó bá ń na ọjà Èkó, kó má ra igbá ẹ̀yìn ìjàpá òkun, kó má ra ẹran rẹ̀, kó má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá sẹ́ni tó ń rà, ta ni yóò máa pa á? Ẹ̀yin lẹkulẹ́ja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún oníbàárà pé kò sí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ọ̀rá kan han àwọn ọmọ, kí ẹ sọ ìrìn àjò rẹ̀ fún wọn láti gọ́tà iléèwé dé Odò Ọ̀sẹ̀, láti Odò Ọ̀sẹ̀ dé òkun. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, bí ẹ bá gbá ọjà, ẹ má gbá ọ̀rá sínú gọ́tà. Ọ̀rá tó dí gọ́tà á kọ́kọ́ fa omi wọ ṣọ́ọ̀bù yín kó tó dé ọ̀dọ̀ ìjàpá. Ẹ̀yin ọdẹ Ìfọ́n àti Ìdóàní, ahun ilẹ̀ àti ẹran tó kù nínú igbó yín ń wò yín lójú.

Ẹni tó bá ní ìtàn èèwọ̀ ẹranko kan ní ìlú rẹ̀, tàbí odò tí wọn kì í pẹja nínú rẹ̀, tàbí igbó tí wọn kì í wọ̀, kó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ojú ewé lẹ́tà wà fún un. Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ìjàpá ò tó ohun tí à ń jókòó sọ nígbà tí ọjà le, kó kọ tirẹ̀ náà ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó kọ ọ́, kó béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ bóyá erin wà nínú igbó wọn rí, kó sì béèrè ohun tí wọ́n rò nígbà náà.